Òpó Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wó

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Inú awò tí a fi ń wọn ilẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí òṣùpá dáadáa, tí gbogbo ihò ara rẹ̀ hàn kedere, láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan sì ti ṣe mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra mọ́tò. Èmi ra awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀, àlòkù, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyàwó mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún gbàjọba, mo kọ́lé sórí ìdajì púlọ́ọ̀tì ní Igando, torí pé iná ìjọba kò tíì débẹ̀, ojú ọ̀run sì mọ́. Kànga àti ṣalángá gba gbogbo iwájú ilé. Ní ẹ̀yìnkùlé tó kù, mo kọ́ ilé páànù kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ibẹ̀ tán, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Orí òpó yìí ni awò jókòó sí. Bí òpó bá ń gbọ̀n, ìràwọ̀ á máa jó lójú èèyàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. N kò fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ilé tí à ń gbé.

Ìyá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Nírọ̀lẹ́, á wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé páànù náà, á máa kọrin. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ tí mo bí, ilẹ̀ ló ń wọ̀n lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ló ń wọ̀n lálẹ́. Ìgbà wo lo máa wọn tèmi?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìnkùlé ẹ yìí ni kó o sin mí sí. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, màmá, ẹ ṣì máa pẹ́."

N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìgbà òjò ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí rẹ̀, ti Ṣàṣà níbi tó ń gbé kó àwọn agbẹ́lẹ̀ wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti òòlù ńlá. Ó ní kí wọ́n wó òpó náà, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ síbi tí màmá fẹ́. Ìtìjú ni láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òòlù yẹn bà mí lẹ́rù ju ikú ìyá mi lọ.

"Àǹtí mi, omi ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Inú omi la máa sin màmá sí."

Ta ló máa bá awọnlẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Èmi tí mo ti gbẹ́ ibẹ̀ fúnra mi, tí mo bá yẹ̀pẹ̀ tó gbẹ táútáú. Itẹ́ òkú ìlú la gbé e lọ, sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí láyé. Omi dúró nínú kòtò ibẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gbọ́n ọn kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀. N kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kẹjọ, mo ti padà sídìí awò.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nínú òjò oṣù keje, aládùúgbò tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa sin bàbá rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó wá kí mi lọ́jọ́ náà, bá mi lọ bá wọn kẹ́dùn. Ó dúró létí sàréè, ó wo inú rẹ̀ títí. Yẹ̀pẹ̀ pupa gbígbẹ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ì bá sàn fún mi. A padà sílé mi, ó ní, "Ṣílẹ̀kùn yẹn jàre. Fi nǹkan tó o torí ẹ̀ lé màmá jáde hàn mí."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, àwọsánmà sì ti yà díẹ̀. Sátọ̀n, ìràwọ̀ tí òrùka yí ká, ti yọ lókè ògiri. Mo wá a fún un, mo tún un ṣe títí ó fi mọ́, mo gbé àpótí síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè tó o. Mo tiẹ̀ ń retí pé yóò yà á lẹ́nu. Mo ya òmùgọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fojú sí i, kò mira.

"Ó mà kéré o," ó ní.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo sìn ín dé ojú títì, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e. Mo padà lọ wo awò náà. Lóòótọ́, kò ju hóró ìrẹsì kan lọ.