Àwọn Táyà Nusirat

Ẹni tó bá sọ fún Nusirat pé obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún kì í gun kẹ̀kẹ́ ológeere ti fowó ara rẹ̀ ra wàhálà. Aránṣọ ni, ní Ìkòsí. Lójoojúmọ́ ló ń di aṣọ oníbàárà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á ká híjáàbù rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, á sì bọ́ sí títì. Ọmọ rẹ̀, Bàrákátù, náà ń gun tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní kẹ́míìsì kan ní Kétu, títí márúwá kan fi gbá a ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́.

Ohun tó ń bí Nusirat nínú jù ni pé ojú ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ ni ọmọ rẹ̀ wà nígbà tó ṣubú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí i, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọlọ́kọ̀ ń páàkì síbẹ̀, márúwá ń sáré gbabẹ̀. Wọ́n tún wá ń sọ pé àwọn èèyàn Ìkòsí kò fẹ́ràn kẹ̀kẹ́. Irọ́ gbuu! Ta ló fẹ́ kú?

Nusirat kó ògbólógbòó táyà wá láti Owódé Onírin, ó po sìmẹ́ǹtì sínú wọn, ó sì tò wọ́n sórí ìlà náà láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ìkòríta. Àwọn aládùúgbò ń bi í pé ta ló ń ṣe ìnáwó, torí ẹni tó ń ṣe ìnáwó ló ń fi táyà dí títì. Ó ṣáà ń tò wọ́n lọ, kí ọkọ̀ má bàa lè wọ ojú ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ mọ́. Kí oṣù tó parí, Bàbá Adétúnjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti nu eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó ń ta ata ní Mile 12 náà ti ń gun tiwọn kọjá. Bàrákátù nìkan ni kò jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Gbénró, ọ̀gá àwọn tó ń tún títì ṣe, sọ̀ kalẹ̀.

“Mummy, ta ló fún yín ní permit?”

“Kò sẹ́ni tó fún mi. Ta ló fún márúwá tó gbá ọmọ mi?”

“Ẹ má bínú, ma. Order ni. A máa kó wọn.”

“Ẹ kó èmi náà mọ́ wọn.”

Nusirat jókòó sórí táyà àkọ́kọ́, ó káwọ́ mọ́yà. Gbénró ṣẹ́jú sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n sì gbé èkejì nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí aago kẹ̀kẹ́ fi dún. Bàrákátù ni. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n inú ìlà ló gbà bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tún tẹ aago.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá táyà yẹn padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e. Mo ń lọ síbi iṣẹ́.”

Àwọn òṣìṣẹ́ wojú ọ̀gá wọn. Gbénró yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀. Táyà ń wúwo sí i lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá dá a padà síbi tó wà. Bàrákátù gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ìyá rẹ̀ kò sì dìde lórí táyà títí ọmọ náà fi yà sí ọ̀nà Kétu.