Ògiri Etí Omi Tí Ọ̀gá Mi Mọ

Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ bíríkìlà kì í ṣe Yorùbá. Ìgbò ni, àgbàlagbà kan tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ ti pá kí n tó mọ̀ ọ́n. Rélùwéè la jọ ń bá ṣiṣẹ́ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ibẹ̀ láti Abẹ́òkúta, mi ò mọ̀ ju kí n po símẹ́ńtì lọ. Òun ló gbà mí sílé, òun ló sì fi tírówèèlì lé mi lọ́wọ́. Pijin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá yìí, Pijin ni mò ń gbọ́ létí. Kò pe orúkọ mi rí. "Abẹ́òkúta" ló ń pè mí, èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀, Mama ni gbogbo wa ń pè é. Wọn ò bímọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú mi bí ọmọ, mi ò bi wọ́n rí.

Etí omi ni tẹ́ṣàn yẹn wà. Kí èèyàn tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ni òórùn ẹrẹ̀ àti iyọ̀ á ti pàdé rẹ̀. Ògiri kan tó nípọn ló dá ilẹ̀ tẹ́ṣàn náà dúró kí omi má baà jẹ ẹ́. Ọ̀gá wà lára àwọn tó mọ ògiri yìí nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Orí rẹ̀ la máa ń jókòó sí jẹun ọ̀sán, tí ẹsẹ̀ wa á máa rọ̀ sókè omi. Tó bá jẹun yó, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn.

Ó ra ilẹ̀ ní Díóbù, ó sì ń kọ́ ilé síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá forí lé ilé ẹlẹ́mu, àwa méjèèjì á lọ máa to bulọ́ọ̀kù. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí a fi ṣe é. Ọjọ́ tí a kan pánù tán, Mama se ọbẹ̀ ewúro, ó sì jó yí ilé náà ká láìwọ bàtà, ó ń fọwọ́ kan ògiri kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jó lọ. Ọ̀gá dúró sójú kan, ó ń wò ó. Mi ò tíì rí ọkùnrin tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́dún 1967, ọ̀rọ̀ ìlú bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n ní kí àwa tí a wá láti ìhà ìwọ̀ oòrùn tètè máa padà sílé kí ọ̀nà tó dí. Ọ̀gá àti Mama sìn mí dé tẹ́ṣàn. Mama di ẹyin bíbọ̀ àti ẹ̀pà sínú aṣọ fún mi.

Ọ̀gá ní, "Oṣù méjì, mẹ́ta, wọ́n á parí ìjà wọn. Má ta irinṣẹ́ ẹ o."

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ṣí. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo rí wọn títí ọkọ̀ fi yà.

Nígbà tí mo padà, ogun ò tíì parí, ṣùgbọ́n Pọ́tákọ́ọ̀tù ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ń wá àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ibẹ̀ kí wọ́n lọ tún tẹ́ṣàn ṣe. Ìyá mi sunkún, ó ní kí n má lọ. Mo lọ. Ọkọ̀ omi ló gbé wa láti Èkó. Bí a ṣe gúnlẹ̀ ní wáàfù, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ìlú náà dákẹ́. Ní Creek Road, níbi tí a kì í ráyè kọjá lọ́jọ́ ọjà, koríko ti hù láàárín títì. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó lé e.

Mo lọ sí Díóbù. Ilẹ̀kùn Ọ̀gá ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì àti àga lọ, ọta sì ti dá ihò sí pánù. Mo pe Ọ̀gá, mo pe Mama, bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ dí àwọn ihò náà, mo sì fi pákó kan ilẹ̀kùn pa. Ìyẹn nìkan lagbára mi ká.

Tẹ́ṣàn ńkọ́? Bọ́ǹbù ti já òrùlé ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ògiri etí omi ti ya ní ibi mẹ́ta, omi sì ti ń bá ibẹ̀ wọlé, ó ń jẹ ilẹ̀ abẹ́ irin. Ibì kan wà tí irin rélùwéè so rọ̀ lófuurufú, tí ẹja kéékèèké ń fò nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí omi bá fà nìkan la lè ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. A ó gbẹ́ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, a ó ri òpó, a ó to irin, a ó da kọnkéré. Bí omi bá tún ti ń bọ̀, a ó sáré gòkè. Nígbà mìíràn omi á gba iṣẹ́ àárọ̀ lọ tán, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a ní láti fọ́ lára èyí tí kò bàjẹ́, kí tuntun lè dì mọ́ ọn. Fórúmáànù fa ìlà, ó ní ká fọ́ ọ títí dé ibẹ̀. Mo gbé òòlù. Kọnkéré yẹn ò fẹ́ fọ́. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀jẹ̀ jáde. Iṣẹ́ Ọ̀gá ni, mo mọ̀ pé iṣẹ́ Ọ̀gá ni, mo sì ń lù ú bí ẹni tó ń bá a jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Kí ló dé tí ò ń sunkún?" Mo ní òógùn ló wọ̀ mí lójú.

Obìnrin kan tó wá láti erékùṣù Okrika ló ń ta oúnjẹ fún wa, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ìṣáwùrú. Madam là ń pè é. Ogun ti jó ilé rẹ̀ lérékùṣù wọn, ọkọ rẹ̀ sì wọkọ̀ ojú omi lọ lọ́jọ́ kan, kò padà wá. Òun àti ọmọ mẹ́ta ń sùn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Ó wo ògiri wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Brọ̀dá, ta lẹ tiẹ̀ ń kọ́ eléyìí fún? Àwọn tó ń wọkọ̀ níbí ti lọ."

Mo ní, "Wọ́n á padà wá."

Ó wò mí, ó sì bu ọbẹ̀ kún àwo mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wá pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní àwọn tó ń pín ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ ti fún òun ní ọ̀kan. Díóbù ni. Yàrá mẹ́rin. Ó ní, "Ẹnì kan tiẹ̀ ti dí pánù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi! Ọlọ́run tóbi!"

Mo béèrè ojúlé, ó sọ ọ́. Mo ní, "Madam, mo mọ ẹni tó kọ́ ilé yẹn. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ ọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Níbo ló wà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó wà láàyè?"

"Mi ò mọ̀."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé kí n máa sun ìta pẹ̀lú àwọn ọmọ mi títí ó fi máa dé?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó kó wọ ilé náà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sanra díẹ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà tí ogun parí. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Ábà. Ògiri wa ti dúró, ó funfun, omi ń lù ú, kò mì. Òrùlé tuntun ti wà lórí tẹ́ṣàn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ni mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró síbi tí èrò ń gbà jáde. Àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ rù débi pé ẹrù tí wọ́n gbé dà bí ẹni pé òun ló ń gbé wọn. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jáde síta. Wọ́n á béèrè bí nǹkan ṣe rí nílùú, wọ́n á gbọ́ pé àwọn mìíràn ti wà nínú ilé wọn, wọ́n á sì jókòó de ọkọ̀ tó ń padà.

Lọ́jọ́ kan, arúgbó kan dúró síwájú mi. Mo fẹ́ yà fún un kó kọjá.

Ó ní, "Abẹ́òkúta."

Ohùn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì yẹn láàárín èrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fà mí dìde, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ìyẹn mọ́. Èmi ni mo wá dì í mú kó má baà ṣubú.

Mo ní, "Mama ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti sùn. Inú igbó. Kò síyọ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Ìró ara rẹ̀ la fi wé e."

Mo ní, "Ọ̀gá, ndo." Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn kan ṣoṣo tí Mama kọ́ mi ní Ìgbò nìyẹn.

Ó fẹ́ rí ilé rẹ̀. Mo sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀, mo sì sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ lọ́nà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí, òun kàn fẹ́ fojú kàn án ni. A rìn lọ. Ó ń sinmi níbi gbogbo tí igi bá wà.

Madam ń bọ́ ìṣáwùrú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí mi, ó rí ẹni tó tẹ̀ lé mi, ó sì dìde. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti mọ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀. "Bàbá, ìjọba ló fún wa," ló kọ́kọ́ sọ. "A ò jalè."

Ọ̀gá ní, "Mo mọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, omi."

Ó sáré wọlé, ó fi kọ́ọ̀pù tánganran kan gbé omi wá, funfun, tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Kọ́ọ̀pù Mama ni. Èmi náà ti mumi nínú rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ọ̀gá gbà á, ó ń wò ó. Ó mu omi náà tán. Kò dá kọ́ọ̀pù náà padà.

Madam ń wò ó. Nígbà tó yé e, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Igun yàrá ni mo ti rí i. Ẹ máa mú un lọ, Bàbá." Ló bá tún sáré wọlé, ó gbé odó kékeré jáde, ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó mú ṣíbí ìrokà, ó ń tò wọ́n sẹ́sẹ̀ Ọ̀gá, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ṣé tiyín ni? Èyí ńkọ́?"

Ọ̀gá ní, "Ó tó, ìyá. Ó tó. Kọ́ọ̀pù yìí nìkan." Ó fọwọ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì yí padà. Kò wọ inú ilé.

Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní kọ́tàsì àwọn òṣìṣẹ́. Mo ní mo máa bá fórúmáànù sọ ọ́ bóyá wọ́n á gbà á padà. Ó ní, "Abẹ́òkúta, ta ni mo fẹ́ máa bá gbé ìlú yìí?" Àbúrò rẹ̀ wà lábúlé lẹ́yìn Ábà, ibẹ̀ ló ń lọ. Kí ọkọ̀ tó ṣí, mo mú un lọ sẹ́bàá ògiri etí omi. Mo fẹ́ kó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí tuntun ti pàdé èyí tó pẹ́, láti òkè dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé.

Ó ní, "O dì í dáadáa."

Láti ìgbà tí mo ti gbé òòlù ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi fọn fèrè ọkọ̀.

Mo gba ààyè ọjọ́ díẹ̀, mo lọ kí i lábúlé lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kan ló ń fi amọ̀ mọ, nítorí kò rí símẹ́ńtì. Mo bọ́ aṣọ, mo bá a po amọ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń sọ ibi tí kò gún fún mi, bíi ti àtijọ́.

Kí ọdún náà tó parí ni ẹnì kan tó wọkọ̀ wá láti Ábà sọ fún mi pé ó ti kú. Àìsàn náà ò ju ọjọ́ kan lọ. Wọ́n ti sin ín. Mo jókòó sórí ògiri náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo lọ sọ́dọ̀ Madam, mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lérí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dúró, wọ́n ń na àwo, kò bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, mo bá a gbé ìkòkò, a sì jọ rìn lọ sí ilé tí Ọ̀gá kọ́ ní Díóbù.