Páànù tí Arlo Skaar Fi Dé Ìdí Ọta

Arlo Skaar kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mú páànù pẹlẹbẹ kan lọ bá a, kí o bi í bóyá ó dára fún ọta. Yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò fi èékánná tẹ̀ ẹ́, yóò ká etí rẹ̀ wò bóyá á ya, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ibi tí o ti rí i fún ọ: ara òrùlé ni, tàbí ara agolo bíà, tàbí ara àwo tí àwọn oníwèé ìròyìn ìlú fi ń tẹ̀wé. Gbogbo àwa tí a gbé etí Odò Wàrà nígbà náà, ní àríwá Montana, la mọ̀ ọ́n mọ́ èyí. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n tí ọta tiwọn bá ti ń ṣìnà, ilé Arlo náà ni wọ́n ń sáré lọ.

Òjé tí a yọ́ nílé tí a fi rọ ọta kì í le. Bí ẹ̀tù bá gbiná lẹ́yìn rẹ̀, iná náà a máa jẹ ìdí rẹ̀, òjé a lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, ọta a sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni ò rán an lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé páànù róbótó bíi bọ́tìnnì, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kó di ìdérí kékeré, tí wọ́n sì ń fi í bo ìdí ọta. Nílé Arlo, fìlà ni wọ́n ń pè é. Borghild ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ọta nìkan lòun mọ̀ láyé tó ń dé fìlà sí ìdí.

Borghild ló ń da òjé, Arlo ló ń gé fìlà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn dá sí i. Páànù òrùlé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kọ́lé ni Arlo ń lò. Ó nípọn, ó ń di òjé mú dáadáa, kì í jábọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí Borghild kú ní ìgbà ìrúwé, ìwọ̀nba ọta tó dà kẹ́yìn wà nínú agolo kọfí kan lórí tábìlì iṣẹ́. Fìlà nìkan ló kù tí wọn ò ní.

Ohun kejì tí Borghild fi sílẹ̀ ni Tansy, abo ẹṣin rẹ̀. Ìyá Tansy kú lọ́jọ́ tó bí i, inú ilé ìdáná ni Borghild ti fi ìgò wàrà tọ́ ọ dàgbà, òun àti Arlo ń gbà á fún ara wọn lóru bí ọmọ jòjòló. Ó ti wá darúgbó. Eyín rẹ̀ ti tán, bó bá jẹ koríko gbígbẹ, á kàn rún un títí ni, á sì tu ú sílẹ̀ ní tútù. Egungun ìhà rẹ̀ ti ṣeé kà láti ojú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó mọ ẹṣin mọ̀ pé kò lè rí òpin òjò dídì tó ń bọ̀. Borghild náà ti mọ̀ kó tó kú. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ fún apẹran," ó ní. "Ìwọ ni kí o ṣe é, Arlo. Ìbọn kan ṣoṣo. Kó má mọ ohun tó ń bọ̀."

Arlo ní òun ti gbọ́. Ìlérí tó so mọ́ ọn lọ́rùn nìyẹn.

Nígbà tí ìrì dídì bẹ̀rẹ̀, Delmer Kopp, aládùúgbò rẹ̀, gbé katapílà wá láti gbẹ́ ihò tí wọ́n máa sin Tansy sí sẹ́yìn abà ẹran, torí pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti dì tán, irin ò lè wọ̀ ọ́ mọ́ títí ìgbà ìrúwé. Ó gbẹ́ ẹ tán, ó béèrè ọjọ́ wo ni. Arlo ní ọjọ́ tí ọta bá ti parí ni.

Ọta ò sì tètè parí. Làkúrègbé ti wọ ọwọ́ Arlo, ìka rẹ̀ ti wọ́, kò lè pa dé mọ́. Ó gbé páànù òrùlé sábẹ́ irin tó fi ń gé fìlà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, fìlà tó jáde wọ́ bí ẹnu ẹni tí àrùn rọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tún un ṣe, ó tún wọ́. Delmer rí àwọn tó dà nù nílẹ̀, ó ní òun ní ẹ̀rọ tó ní apá gígùn nílé, pé ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́, kí Arlo gbé páànù wá kí òun bá a ṣe é kí kọfí tó tutù. Arlo kọ̀. Ó ní òjé Borghild ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ò kàn án rí, kò sì ní kàn án báyìí. Àwọn kan á pe èyí ní ìfẹ́. Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Orí kunkun ni, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀.

Ó wá yíjú sí agolo bíà. Páànù yẹn rọ̀, sísọ́ọ̀sì lásán ń gé e, ọwọ́ aláìsàn sì ń tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ó ti dé fìlà fún gbogbo ọta tó wà nínú agolo kọfí. Ó fi ìka yí ọ̀kan wò, fìlà náà yí. Fìlà tó bá jókòó dáadáa kì í yí. Arlo mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo àgbègbè náà, ó sì tì í sẹ́yìn ọkàn.

"Arlo, ṣé bíà lo fẹ́ fi pa ẹṣin ni?" Delmer ń rẹ́rìn-ín.

"Á ṣiṣẹ́."

Wọ́n gbé páálí kan síbi odi, Arlo yin márùn-ún. Mẹ́rin dúró pọ̀ síbi tí ife tíì lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ìkarùn-ún lọ jìnnà sísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló yìn ín. Delmer wo páálí náà pẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ ti tán.

"Èwo nínú wọn lo máa yìn lọ́jọ́ náà?"

Arlo lọ já páálí náà sílẹ̀.

"Tiẹ̀ gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ẹṣin ni, kì í ṣe ìgalà. Rìn lọ bá a, gbé ẹnu ìbọn sí iwájú orí rẹ̀, ó tán. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí lo tún ń wá fìlà kiri sí?"

Arlo ń ṣa àwọn ọta tó kù sínú àpò.

"Mi ò lè wo ojú rẹ̀, Delmer."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn, òun ló wà nídìí gbogbo páànù tó ń gé. Ó fẹ́ dúró sí ọ̀nà jíjìn, kí ìbọn ṣe é, kó má jẹ́ òun. Delmer ní kó jẹ́ kí òun bá a ṣe é nígbà náà. Arlo kọ̀. Ó ní Delmer kọ́ ni Borghild rán.

Ní ọjọ́ kejì, ó rẹ ọkà bàlì sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, ó da oyin sí i, ó gbé e síbi ihò. Tansy tẹ̀ lé e bó ṣe máa ń tẹ̀ lé e, ó ń fi imú ti èjìká rẹ̀. Arlo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó rìn gba pápá kọjá lọ sí òdìkejì odi ọgbà, kò bojú wẹ̀yìn. Ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ lé orí òpó odi náà. Delmer dúró lẹ́bàá katapílà, ó ti ṣí fìlà orí rẹ̀. Ẹṣin náà ń jẹun, inú rẹ̀ sì dùn sí oúnjẹ náà, ó ń ju ìrù. Nígbà tó gbé orí sókè láti jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, Arlo yìnbọn.

Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ọta náà bá, ó fọ́ ọ. Kò ṣubú. Ó dúró, ọkà àti ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ló sáré. Delmer rò pé á sá gba pápá lọ, gbogbo ẹṣin ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń mu wàrà nínú ìgò, bí àrá bá sán, bí ajáko bá hu lóru, ọ̀dọ̀ èèyàn méjì péré ni Tansy ń sá lọ. Ọ̀kan ti kú. Ó sáré tààrà wá sọ́dọ̀ Arlo, ó na ọrùn kọjá odi, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fọ́ lé e láyà. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ń wọ inú kóòtù Arlo.

Delmer ti dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Kúrò níbẹ̀, Arlo. Jẹ́ kí n ṣe é."

"Rárá. Ọ̀dọ̀ mi ló wá."

Ó ki ọta mìíràn, ọta bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé. Ó fi apá òsì gbá orí ẹṣin náà mọ́ra. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Arlo wo ojú Tansy, ojú náà ń wò ó, kò bínú, ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. "Dúró, ọmọ Borghild," ó ní. "Dúró, mo wà níbí." Ó dúró. Arlo gbé ẹnu ìbọn sí iwájú orí rẹ̀.

Delmer ló fi katapílà gbé òkú Tansy dé ihò. Arlo jókòó sílẹ̀ nínú koríko níwájú odi. Níwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí òpó tó gbé ìbọn lé, ó rí fìlà ọta àkọ́kọ́, àwọ̀ agolo bíà ṣì wà lára rẹ̀, kò bá ọta náà dé ibì kankan. Ó mú un, ó nà án sí Delmer kó rí i.

"Bí mo ṣe sún mọ́ ọn kẹ́yìn yẹn," ó ní, "òjé lásán ì bá tó. Láìdé fìlà kankan."

Delmer ti sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀. Ó lọ tan katapílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀ sí ihò.

Arlo ṣì gbé ayé fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn èèyàn kò yé gbé páànù wá bá a, torí pé òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Á wò ó níbi tó jókòó sí, á ní kí wọ́n gbé e lọ fún Delmer. Kò fọwọ́ kàn án.