Mo pa àwòrán bàbá mi rẹ́ lórí fóònù ìyá mi

Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa àwòrán bàbá mi rẹ́ lónìí.

Mo lọ kí ìyá mi ní Araromi-Obu. Wọ́n ní fóònù àwọn ti kún. Mo ní, "Ẹ mú un wá, Màámi." Mo nu gbogbo ohun tí bíráwúsà tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó pamọ́ dànù.

Wọ́n gba fóònù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí.

"Bàbá ẹ dà? Mo ṣì kí wọn láàárọ̀ yìí."

Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti kú. Mo ti ṣe ojú ewé ìrántí kan fún wọn rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tí wọ́n yà láyé ṣọ́jà, lọ́dún tí ìjọba dá wọn dúró níṣẹ́ tíṣà, ló wà níbẹ̀. Òjò ti ba ti ara ògiri jẹ́, kọ̀ǹpútà mi ti kú, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé ojú ewé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti kógbá sílé. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀dà tí fóònù Màámi tọ́jú ni wọ́n ń wò láràárọ̀.

"Kò burú," ni wọ́n wí. Wọ́n wọlé, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo ti dé Ore báyìí, omi ò kúrò lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣí ojú ewé yẹn rí? Ẹ yẹ fóònù yín wò fún mi, bóyá ẹ̀dà fọ́tò náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má nu nǹkan kan kúrò.