Ẹyin Abẹ́ Eyín

Nígbà tí owó epo dé, tí tajá-tẹran ń kọ́lé, sìmẹ́ǹtì ni màmá mi ń tà ní Okokomaiko. Èmi wà ní yunifásítì, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò tó ń gbé inú gbòǹgbò eyín tó ti jẹrà, àwọn tí ojú lásán ò lè rí. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú níbẹ̀ ni "kòkòrò."

Lọ́jọ́ kan mo délé wa ní Ìbà, mo bá wọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ọ̀tún wú bí ẹni fi ọsàn há a. Mo ti rí irú ẹ̀ rí ní ọsibítù: ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀fun, kó sì pààyàn.

Inú wọn ń dùn ní tiwọn. Wọ́n na ìgò oògùn kan sí mi.

"Kòkòrò ẹ rèé. Obìnrin kan tó ń kiri yọ kòkòrò eyín ló bá mi yọ ọ́ ní Ìjanikin. Mo ní kó má sọ ọ́ nù, ọmọ mi ń wá a."

Kòkòrò inú ẹ̀wà ni, ó tiẹ̀ sanra. Mo ní ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀: "Kí la tún ń wá lọ? Ẹni tó ń jẹ eyín ti jáde."

Inú bí mi débi pé omi lé ròrò sójú mi.

"Màámi, ṣé akọ ni àbí abo?"

"Ṣé mo tú u nídìí wò ni?"

"Abo ni. Ó ti yé ẹyin sábẹ́ eyín yẹn."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn mú ìborùn.

Dókítà eyín ṣí ihò gbòǹgbò náà, ọyún tú jáde. Ó fi bébà tín-ín-rín fa díẹ̀ fún mi. Mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa, mo tọ́jú ẹ̀ sínú àwo kan nínú ooru kí kòkòrò inú ẹ̀ lè máa gbèrú. Kòkòrò tèmi kì í kúkú yé ẹyin, ńṣe ni ọ̀kan ń pín di méjì.

Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀ tán, tí màmá mi ti ń fi apá ọ̀tún jẹran, wọ́n bi mí pé, "Ẹyin ọjọ́sí ńkọ́? Ṣó ti pa?"

"Ó ti pa, Màámi. Wọ́n ti kún inú àwo."

Wọ́n yọ ẹran lẹ́nu.

"Háà! Òótọ́ ni? Irọ́ ni mo pè é o. Omi ojú ẹ ni mo tẹ̀ lé lọ sí ọsibítù."