Bélíìfù Tó Bọ́ Bàtà Kó Tó Wọlé

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí. Bàtà dúdú ńlá, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìta máa ń wọ̀ nígbà òtútù, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sálúbàtà Màmá lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì kọjú síta. Nínú ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà kọjá ibẹ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá, yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gbàdúrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálọ̀. Mo rò pé ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló wá kí wọn. Ìgbà tí mo yíjú padà sí títì láti pa ilẹ̀kùn dé ni mo rí irin aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi de táyà mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi.

Àwa mẹ́ta là ń gbé ilé náà ní Barking, nílùú Òyìnbó: Màmá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti èmi. Owó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi la fi ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé. Àwọn arúgbó tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá jẹun, ló ń tọ́jú kiri nínú ilé wọn. Ní ìdájí, ó ti dé Rush Green. Ní ìrọ̀lẹ́, ilé gíga tuntun kan ní Barking Riverside ló ń lọ. Bọ́ọ̀sì kò lè gbé e dé ilé kan sí òmíràn láàárín àkókò tí wọ́n fún un, ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbà á síṣẹ́ fi sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò lè ṣe é. Bí mọ́tò bá lọ, iṣẹ́ lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilé ń tẹ̀lé e nìyẹn.

Èmi kò sí nílé nígbà tí ọkùnrin náà kanlẹ̀kùn. Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì bi wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí mo ti ń ṣe tipẹ́ kì í jẹ́ kí n gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan kí n fi í sílẹ̀. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà rí.

"Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀," Màmá ní. "Mo rí ọmọkùnrin dúdú kan tó ga. Ó ń sọ Òyìnbó, ó ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní, 'Ó ń sùn o, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni.' Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, ó tẹríba, ó ní, 'Ẹ káàsán, mà.' Kí ni kí n wá ṣe? Ọmọ wa ni. Mo yọ ṣéènì."

"Ẹ ò sì bi í pé kí ló bá wá?"

"Ṣé lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bi àlejò léèrè? Mo ní kó bọ́ bàtà kó wọlé. Ó bọ́ ọ. Mo fún un lómi. Ó mu ún. Ó mu ún tán."

Bí mo ṣe bá wọn nìyẹn. Ọkùnrin náà jókòó sí etí àga, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ife òfìfo wà nílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré kan wà láyà rẹ̀, iná pupa ń tàn lójú rẹ̀. Ó ń wo tẹlifíṣọ̀n wa, ó ń wo àga, ó sì ń tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó gbé lé orúnkún. Màmá jókòó ní iwájú rẹ̀, wọ́n ń tọpasẹ̀ ìdílé rẹ̀.

"Ọmọ ibo ni bàbá ẹ?"

"Abẹ́òkúta, mà. Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí mi sí."

"Áà, Ẹ̀gbá! Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

Mo bi í pé ta ni. Ó dìde, ó fi káàdì hàn mí, ó sì sọ ọ́ fún mi ní gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ti há a sórí. Bélíìfù ni òun. Kóòtù ló fún òun láṣẹ láti gba owó ìtanràn, tàbí kí òun kó ẹrù tó tó iye owó náà. Ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò gba òpópónà kan tí wọ́n máa ń tì fún ọkọ̀ ní àkókò tí àwọn ọmọ ń jáde nílé ìwé. Kámẹ́rà mú un. Ẹnikẹ́ni kò san owó náà, ó sì ń gorí ara rẹ̀ títí ó fi di ti kóòtù, owó wíwá tí òun alára wá sì tún gorí ìyẹn.

Màmá ń wo ẹnu mi. "Kí ló wí?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe bélíìfù fún wọn, n kò rí i. Mo ní ìjọba ló rán an kó wá gba owó, bí kò bá sì rí owó, yóò kó ẹrù. Màmá ló rí ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn.

"Akódà," ni wọ́n wí. "Akódà ni."

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, àwọn akódà máa ń wá mú àwọn tí kò san owó orí. Bí ariwo wọn bá ti sọ láàárọ̀, bàbá Màmá á gun àjà, ìyá wọn á sì jókòó sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, á máa yan gààrí bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sóko. A ti gbọ́ ìtàn náà dàgbà, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ọkùnrin náà láti orí dé ìbọ̀sẹ̀.

"Akódà ayé ìgbà náà kì í kí èèyàn," ni wọ́n sọ fún un. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ta ilẹ̀kùn. Bí o bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, o ti mọ ohun tí wọ́n bá wá. Ìwọ kí mi."

Ọkùnrin náà ń wá Yorùbá rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Ẹ má bínú, mà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé nìyẹn. Mi ò lè rí àgbà kí n má kí wọn."

"Ṣé ìyá ẹ mọ irú iṣẹ́ tó o ń ṣe?"

Ó bojú wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀.

Ohùn wa ló jí ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ìborí oorun. Ó rí ọkùnrin náà, ó rí kámẹ́rà àyà rẹ̀, ó lọ sójú fèrèsé, ó rí irin tó wà lára táyà. Ó yíjú sí Màmá.

"Màmá, ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Èmi ni."

"Ṣé mi ò ti sọ fún yín pé ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹni tẹ́ ò mọ̀?"

"Òyìnbó tí n kò mọ̀ rí lo ní kí n má ṣí i fún. Ṣé Òyìnbó lèyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí àlejò. Ó ní òun kò gba ìwé kankan. Ọkùnrin náà ka àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí. Rush Green ni, ilé tí a ti kó kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí a kó wá sí Barking, ó sọ fún ìjọ, ó sọ fún ibi iṣẹ́, ó sọ fún dókítà Màmá. Kò rántí sọ fún àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀.

"Mo rántí òpópónà yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Arúgbó kan ló ti wà nínú ìtọ̀ láti àárọ̀, tí ẹni tó yẹ kó lọ tọ́jú rẹ̀ kò lọ. Mò ń sáré lọ síbẹ̀ ni. Mi ò wo àmì kankan."

"Mo gbọ́, Áńtí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ lèyí wà mọ́."

"Má pè mí ní Áńtí. Ọjọ́ ti ń rọ̀. Bàbá arúgbó kan wà ní Riverside tí kò lè kúrò lórí àga bí mi ò bá dé. Mọ́tò yẹn lo fi irin dè. Bó o bá gbé e lọ, kí ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ tí màá fi san owó tó ò ń bèèrè?"

Ọkùnrin náà ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá fọwọ́ sí àdéhùn pé yóò máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun á tú irin náà. Ẹrù tí òun ti kọ sílẹ̀ á wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ ta ọ̀kan nínú wọn tàbí kó gbé e pamọ́, títí kan mọ́tò náà. Bí ó bá kùnà, wọ́n á wá kó wọn. Ó wo ilẹ̀kùn kan tí kò tíì ṣí.

"Kí ló wà níbí?"

"Yàrá àdúrà ni," Màmá ní. "Wọlé. Ṣebí o ti bọ́ bàtà."

Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú. Ó fi í sílẹ̀. Kò wọ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i láìkà á, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

"Bá mi kí ìyá ẹ o," ni Màmá wí.

"Màmá!" Ẹ̀gbọ́n mi pariwo.

"Kí ni ìyá rẹ̀ ṣe mí?"

"Wọ́n á gbọ́, mà," ni ọkùnrin náà wí, kò gbójú sókè. Ó jáde, ó tú irin náà. Ẹ̀gbọ́n mi wa mọ́tò lọ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ilé ńlá kan láàárín àwọn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ni ìjọ wọn ti ń pàdé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá ìjọ kan gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, ó ní ẹ̀mí òṣì ló ń lépa rẹ̀ lójú títì.

"Kámẹ́rà ni, mà," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Bàbá kan ní kó gbé mọ́tò náà wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó fi tapólì bò ó. "Èwo nínú wọn ló máa wá a débí?"

"Mo ti fọwọ́ sí i, sà."

"Òyìnbó lo fọwọ́ sí i fún. Kì í ṣe Ọlọ́run."

"Ọwọ́ kan náà ni, sà."

Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí fà á sẹ́yìn, ó júwe ọ́fíìsì kan fún un tí wọ́n ti ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ̀lé e lọ. Òyìnbó obìnrin àgbàlagbà kan ló dá wa lóhùn. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé: "Ta ló jẹ́ kó wọlé?"

Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn."

Obìnrin náà ṣàlàyé. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, bélíìfù kò láṣẹ láti jálẹ̀kùn nígbà àkọ́kọ́ tó bá wá. Bí a kò bá ṣí i fún un, kò ní rí ẹrù inú ilé kọ sílẹ̀. Mọ́tò tó wà níta, ó lè dè é, ṣùgbọ́n òfin máa ń dá ohun èlò iṣẹ́ tí kò níye lórí púpọ̀ sí, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbó. Ìwé tí kò dé ọwọ́ rẹ̀ ló ní kí a gbájú mọ́. Kí a bẹ kóòtù pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Títí wọ́n á fi fèsì, bélíìfù gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró.

"Ṣé wọ́n á gbà?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"N kò lè ṣèlérí. Wọ́n lè ní ẹ̀bi yín ni, ẹ̀yin tẹ́ ò yí àdírẹ́sì padà."

Níbẹ̀ la ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá dúró ní òpópónà wa, ẹ̀gbọ́n mi á ti dé ojú fèrèsé. Ó ń jí lọ síṣẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ náà lè parí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Màmá gba ààwẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń bá wọn wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá mi gun àjà fún akódà. Èmi, mo fún un lómi."

"Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá."

"Ohun tí mo wí nìyẹn. Mi ò mọ̀."

Kóòtù gbà. Wọ́n fagi lé àṣẹ tí bélíìfù gbé wá, àdéhùn rẹ̀ sì bá a lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ tún fi ìwé ìtanràn àkọ́kọ́ ránṣẹ́, sí Barking lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi san án, ẹ̀wà la sì jẹ jù lóṣù náà. Ó kọ́kọ́ gbé èsì kóòtù lọ bá Màmá nínú yàrá àdúrà, ó kà á fún wọn ní Yorùbá, ó ní mọ́tò ti bọ́. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n bèèrè pé:

"Ọmọkùnrin yẹn, wọn ò ní tìtorí èyí lé e lẹ́nu iṣẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ síṣẹ́.

Láìpẹ́ sígbà náà, mo wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan tó ń pín ẹrù kiri ni. Ó ṣeé ṣe kó ti rí Màmá lójú fèrèsé, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta: "Ẹ káàsán, mà!"

Màmá dé ìdí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ wọn dé ara ṣéènì, ó sì dúró níbẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi," ni wọ́n dá a lóhùn, pẹ̀lú ọ̀yàyà tí wọ́n fi ń kí gbogbo ọmọ. "Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. O ṣé o."

Wọ́n fetí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé òpópónà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó yọ ṣéènì.