Ẹran Méjì Nínú Ìgò Kan

Kí n má parọ́, iṣẹ́ tí mo ṣe ní Òkè-Ògùn rí mi lára látọjọ́ kìíní. Wọ́n ní kí n lọ máa gba ẹran ọ̀yà jọ. Kì í ṣe pé kí n jẹ ẹ́ o. Kí n gé bíńtín lára ọ̀yà kọ̀ọ̀kan, èyí tó tó èékánná ọmọ ọwọ́, kí n jù ú sínú ìgò róbà kékeré tí sípíríìtì wà nínú rẹ̀ kó má bàa jẹrà, kí n sì kó gbogbo rẹ̀ padà sí yunifásítì. Níbẹ̀ la ó ti wo ohun tí ọ̀yà jogún lára ìyá àti bàbá rẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ìran kan náà ni àwọn tó wà lápá Ìgbẹ́tì àti àwọn tó wà lápá Ofiki. Ẹran kan, ìgò kan, òfin iṣẹ́ náà nìyẹn. Bí ẹran méjì bá wọ inú ìgò kan, ó bàjẹ́ nìyẹn, torí ẹ̀rọ ò ní mọ èwo ni ti ta.

Ìwé ẹ̀rí mi ló so mọ́ ọn. Ọdún tí wọ́n fún mi ní yunifásítì ti kọjá, wọ́n fún mi ní àfikún kan, wọ́n sì ní kò sí òmíràn mọ́. Ti Ìgbẹ́tì ti wà nílẹ̀; bí n kò bá kó ogójì ìgò ti Ofiki dé, kí n máa lọ sílé bàbá mi. Mo sì gbọ́dọ̀ kó o dé kí òjò tó mú koríko ga, torí bí koríko bá ti bo ọ̀yà mọ́lẹ̀, ọdẹ ò ní rí i pa.

Ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí ọ̀nà, ní oríta kan nítòsí Ofiki, ló gbà láti ràn mí lọ́wọ́. Àràárọ̀ làwọn ọdẹ ń gbé ẹran wá fún un. Á là á, á yọ ìfun, á jó irun rẹ̀, á wá fi igi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí iná. Èmi gbọ́dọ̀ gé tèmi kí iná tó kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀yà jẹyán, ẹ má rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ wò ó nígbà tí wọ́n bá ń là á. Ikùn rẹ̀ á ti wú gbànkọ̀gbì, bí ọ̀bẹ bá kàn án báyìí, òórùn kan á jáde tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun èèyàn títí di alẹ́. Ìyá á fún ìfun náà láàárín ìka méjì, koríko tó ti kẹ̀ á máa ya jáde sórí àpò sìmẹ́ńtì, eṣinṣin á bò ó. Èyí tó bá ti sùn sínú pàkúté di ọjọ́ kejì, ìdin á ti máa yí nínú ojú rẹ̀. Tùẹ̀! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ti kún ẹnu mi.

Ìyá náà á wá nu ọwọ́ yẹn mọ́ ìdí aṣọ, á tú ẹ̀kọ, á ní kí n wá jẹun. Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ń gbààwẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé e fúnra mi, tèmi ti ìbòmú méjì lórí ara wọn. Ìgbà mélòó ni mo bì sídìí igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀? Mi ò kà á. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní kí ló dé tí mò ń pa ara mi? Ṣebí obìnrin yìí mọ ọ̀bẹ lò jù mí lọ. Mo ju ìgò mẹ́sàn-án tí mo ti ṣe nù, torí ẹran inú wọn ti kọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sílẹ̀, mo sì gbé ogójì tuntun kalẹ̀ fún un, pẹ̀lú abẹ àti ìbọ̀wọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣàlàyé pọ̀. Ṣùgbọ́n ìfun ọ̀yà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ níwájú mi ni, gbólóhùn kan péré ló sì jáde lẹ́nu mi.

“Ìyá, ẹ ṣáà máa gé díẹ̀ díẹ̀ sínú wọn, kí ẹ dé e pa.”

Mo ti wà lórí ọ̀kadà kó tó dá mi lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, Ṣakí ni mo wà, nínú yàrá tí mo gbà, tí mò ń jẹ ìndómì lábẹ́ fáànù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá lọ gba èyí tó bá ti ṣe. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, èmi á fi ṣóńṣó ìka gbà á, màá ká imú, màá sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ọ̀kadà á fi gbéra. Inú kúlà ni mo ń jù ú sí tààrà. N kò yẹ ìkankan wò. Nígbà tí ogójì pé, òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an, mo ní Ọlọ́run ló bá mi ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìgò kan sójú fèrèsé kí n lè kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Ẹran méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé òmíràn, méjì. Mo da gbogbo wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, méjì méjì ni wọ́n. Nínú ọ̀kan, irun ẹtu wà lára èkejì. Mo sáré lọ wá ọ̀kadà.

Bí mo ṣe dé oríta, n kò kí i. Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà obìnrin lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ta ló ní kó fi ẹran míì sí i, ṣé ó fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ni. Kò bínú.

“Ọmọ mi, èènì ni,” ló wí. “Ẹran tí mò ń gé fún ọ kéré jù, ojú ń tì mí. Gbogbo ìgbà tó o bá wá gbà á lo máa ń yíjú. Mo ní ó dájú pé kò tó ọ ni. Ni mo bá ń mú díẹ̀ nínú ohun tó bá wà lórí tábìlì, mò ń fi kún un.”

Èènì! Èmi tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí. Èmi tí mo máa ń bá onígààrí Ìgànná jà bó bá wọn gààrí tán tí kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò sí ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa gé ẹran fúnni láìfi èènì sí i, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbàgbé. Òórùn ni mò ń sá fún, n kò ráyè wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ó bẹ̀ mí, ó ní ṣé a ò lè ṣa ọ̀kan kúrò nínú wọn ni. Mo ní omi wọn ti dà pọ̀. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ọdẹ tó mọ̀. Koríko ti ga, ọ̀yà mẹ́ta péré ni wọ́n rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí òun fi han ìgbìmọ̀. Mo mọ òótọ́ tó yẹ kí n kọ. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Ohun tí mo wá kọ nìyí: pé olùtajà aláìmọ̀wé kan da àwọn ẹran náà pọ̀ láìka ìkìlọ̀ sí. Ìkìlọ̀ wo? Ta ni mo kìlọ̀ fún? Àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n sì yọ̀ǹda àwọn ẹran tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kó jọ tẹ́lẹ̀ sínú fíríìsà fún mi. Mo gboyè. Gbólóhùn yẹn wọ inú ìwé mi, ní orí tí mo ti ka ìṣòro tí mo bá pàdé.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń lọ sí Ìgbẹ́tì, mo yà sí oríta. Ìwé náà wà nínú báàgì mi. Ìyá náà rí mi, ó ké “dókítà mi”, ó sì ní kí n fi ìwé tí a jọ ṣe han òun. A jọ ṣe. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á. Ó ṣí i síhìn-ín ṣí i sọ́hùn-ún, ó wá bi mí níbi tí òun wà nínú rẹ̀.

Ojú ewé ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, àní lọ́wọ́ ẹni tó tún kọ̀ǹpútà mi ṣe. Ìyá náà ò sí níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ìwé náà. Mo ṣí i, mo fi ìka sí gbólóhùn náà.

Ó fi ìka tirẹ̀ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Gbogbo èyí, tèmi ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ó pe ẹlẹ́pa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò mọ̀wé bíi tirẹ̀, kó wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà yìí, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

Mo ní àmín.